Tìmùtìmù Bàtà Náà Dé, Ṣùgbọ́n Orí Àwọn Ará Ìlú Ti Wọ́

Ọmọbìnrin mi àtàtà, àkọ́bí mi tó ń fi ìjókòó jẹun,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ tí o ní ó máa ń pariwo ti jẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ sinmi díẹ̀? Bí o bá béèrè àwa náà, a dúpẹ́, à ń jí, à ń jẹun, à ń sùn, ohun tó kù díẹ̀ káàtó ò ju ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ò ní yọ̀. Àga tí o bá jókòó lé ò ní ṣẹ́. Ìyá rẹ ní òun ṣe àmín, ṣùgbọ́n kí n yára kọ ohun tí mo fẹ́ kọ, torí orí tábìlì tí mo ń lò yìí ni òun fẹ́ ti lọ aṣọ.

Mo rí ẹrù tí o fi rán awakọ̀ gbà, tìmùtìmù bàtà méjì. Inú páálí pẹlẹbẹ kan ló wà, wọ́n ya ẹsẹ̀ èèyàn sára rẹ̀, gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ náà pọ́n yòò bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná alágbẹ̀dẹ, ọfà kan wá gbéra níbẹ̀ ó lọ bá ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Mo ní ẹni tó ya èyí mọ̀ mí. Wọ́n kọ 42 gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi, inú mi dùn o. Ọdún méjìdínláàádọ́rin kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi pamọ́, ṣùgbọ́n pé o lè dúró níwájú àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìlú ńlá, kí o sọ fún wọn pé ọmọ ọdún méjìlélógójì ni bàbá rẹ, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ìlara ni.

Àmọ́ mo kọ́kọ́ bínú díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ẹ̀yìn ni mo sọ fún ọ pé ó ń dùn mí, níbi tí ìgbànú ń gbà, pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ tó máa ń ta mí bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún bí mo bá ti gẹrun fún ẹni mẹ́rin. Mo ní kí ló kan bàtà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn? Mo rò pé ẹni tó dì í ló ṣì í dì, ni mo bá ki méjèèjì bọ abẹ́ ìgbànú mi lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, mo fi ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá rí mi lẹ́yìn á rò pé ìyẹ́ ni mo fẹ́ hù. Ìgbà tí o wá pè lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa, tí o ní inú bàtà ni wọ́n ń fi í sí, tí o ní kí n fi hàn ọ́, mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, mo ki fóònù bọnú bàtà kí o lè wò ó dáadáa. O ń pariwo pé òkùnkùn ni o ń rí. Bàtà ṣá ni, ọmọ mi. Bàtà kì í ní fèrèsé.

Fọ́ọ̀mù kan tún wà nínú páálí náà. Wọ́n ní kí n fi máàkì sí bí ìrora mi ṣe tó, láti oódo dé orí mẹ́wàá. O mọ̀ pé nígbà tí mo wà nílé ìwé, mi ò gbà ju mẹ́ta lọ rí nínú ìṣirò. Mo fún ara mi ní mẹ́wàá, mo sì fún ìyá rẹ ní mẹ́jọ, torí obìnrin náà gbìyànjú. Ó wà nínú lẹ́tà yìí, bá mi fún wọn, kí o sì béèrè ọjọ́ tí èsì máa jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Orí ìdúró ni ìyá rẹ náà ti ń ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń dúró lọ aṣọ oníbàárà, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ṣé kí èmi wá máa rìn lórí tìmùtìmù kí òun máa rìn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀? Láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, bó ṣe ẹran kan ló délé wa, a ó pín in. Mo mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo fún un ní ẹsẹ̀ òsì. Ó ní ó tóbi ju bàtà òun lọ, pé ó ń yọ lẹ́yìn bí ahọ́n ajá. Mo ní ohun tó ṣẹ́kù kì í ṣe àìtó.

Ọmọ mi, nǹkan náà ṣiṣẹ́! Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yìn mi lápá ọ̀tún ti dákẹ́ jẹ́ẹ́, ti òsì nìkan ló kù tó ń pariwo. Ìyá rẹ ní tòun, apá òsì ló sàn, ọ̀tún ló ń yọ òun lẹ́nu. Mo ní ṣé o rí i, bí wọ́n bá so wá pọ̀, a ti rí odidi èèyàn kan tára rẹ̀ dá ṣáṣá. Àwọn aládùúgbò pàápàá ní ìfẹ́ wa ti di ọ̀tun. Bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wà lọ́wọ́ ọ̀tún ìyá rẹ, ńṣe ni orí wa á máa kan ara wọn títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà, tí aránṣọ tó wà níwájú ilé wa á ní kí a jọ̀ọ́ fi ìyókù sílẹ̀ di ilé. Bí a bá wá ń bọ̀, tí òun bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún mi, orí kálukú á máa sá fún ti ẹnìkejì, aránṣọ yìí kan náà á tún ní kí lọkùnrin yìí ṣe fún un? Àwọn èèyàn ò níṣẹ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni orí àwọn ará ìlú yìí. Ó ti ń wọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gẹrun fún wọn, mo mọ orí wọn bí mo ṣe mọ ṣíbí ilé mi. Mo ti rí èyí tó ní kókó, mo ti rí èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí. Bí mo bá gẹrun tán tó gún régé lójú mi, oníbàárà á wo dígí, á ní irun apá òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ. Ọlọ́kọ̀ kan bi mí pé ṣé òkè ni irun òun ń gùn ni. Mo ní kó lọ bi ìyá tó bí i. Mo wá wo dígí ara ògiri, òun náà wọ́, mo tún un kọ́. Mo wo pátákó ṣọ́ọ̀bù, ó wọ́, mo tún un kàn. Káfíńtà tó kàn án níjọ́sí ń kọjá, ó dúró, ó wò ó, ó ṣí fìlà bí ẹni tó rí òkú, ó lọ láìkí mi.

Pásítọ̀ wa náà wá gẹrun. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, bó ti gun orí pèpéle, gbogbo ìjọ tẹ orí sápá kan kí wọ́n lè rí i kó gún. Ó rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wa, ó fi wákàtí mẹ́ta wàásù. Ìyá àgbà tó máa ń jókòó níwájú ní ọrùn òun ò tíì padà sí àyè rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, Kílípà ni wọ́n ń pè é, torí ẹ̀rọ oníná tó ń kùn bí oyin ló fi ń gẹrun. Ó ń sọ káàkiri pé kí ẹni tí bàbá bá ti gẹ ìdajì fún rékọjá wá, òun á bá a gẹ ìdajì tó kù lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀ o. Ọmọ tó bá ń dọ̀bálẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń wo abẹ́ àga ẹni, kéèyàn ṣọ́ ọ.

Ni ọ̀gá ilé ìwé bá ránṣẹ́ pè mí. O mọ̀ pé èmi ni mo ń gẹrun gbogbo ọmọ ilé ìwé náà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, láti ìgbà tí ìwọ gan-an wà níbẹ̀. Ó ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, òun ò sì lè to ọgọ́fà ọmọ sórí ìlà kí wọ́n dà bí oko tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ó ní Kílípà ni òun máa gbé iṣẹ́ náà fún. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní orí àwọn ọmọ yẹn ló gbé ṣọ́ọ̀bù mi ró, ibẹ̀ ni mo ti tọ́ ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n bá gbà á, kí n kúkú ti ilẹ̀kùn. Ó ní ó dáa, òun fúnra òun á wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí mo bá gẹ tòun tó gún, iṣẹ́ ṣì jẹ́ tèmi. Bó bá wọ́, kí n sọ fún abẹ mi pé ó dìgbóṣe.

Mo délé. Ìyá rẹ ń lọ ṣòkòtò ọ̀gá ilé ìwé kan náà lọ́wọ́, bí mo ti ń ròyìn fún un, ó gbé ṣòkòtò náà sókè. Ìlà tó fi áyọ́ọ̀nù fà láti ìbàdí ti yà bàrá ní orúnkún bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ó wo ṣòkòtò, ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo tèmi, ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. O mọ ìyá rẹ, bó bá ti woni báyẹn, kéèyàn yẹra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti nu bàtà mi, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ti wọ̀ ọ́, mo rí i pé ilẹ̀ ilé wa tó ti ń dà gẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù kan ti tún ara rẹ̀ ṣe. Mo ní Ọlọ́run tóbi. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, dígí wọ́, pátákó wọ́, èyí tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe! Mo mọ̀ pé Kílípà ló wá fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀gá ilé ìwé jókòó, mo da aṣọ bò ó. Kílípà dúró sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń fi igi ta eyín, ó ń retí òkú mi. Nígbà tí mo parí, ọ̀gá gba dígí kékeré, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí n bá òun fi ti ẹ̀yìn hàn. Ó gún bí ìlà inú ìwé. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní lọ́jọ́ Ajé. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi, ọmọ mi. Nínú gbogbo ìlú yìí, ọ̀gá ilé ìwé nìkan ni orí rẹ̀ gún. Abájọ tí wọ́n fi fi í ṣe ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ ti tún ń di ìbàdí mú. Nígbà tí mo bọ́ bàtà lọ́jọ́ Àìkú, mo rí tìmùtìmù méjì níbẹ̀, ọ̀kan nínú ọ̀tún, ọ̀kan nínú òsì. Mo bi í pé kí ni tirẹ̀ ń wá nínú bàtà mi. Ó ní eku ni. Ó ní eku ti ń wo tìmùtìmù náà lójú burúkú, òun sì mọ̀ pé kò sí eku tó lè fara da òórùn bàtà mi. Òótọ́ ni. Mo ní kí n yọ ọ́ fún un, ó gbá mi lọ́wọ́, ó ní bí mo bá yọ ọ́ kí n tó gẹrun ọmọ ilé ìwé tó kẹ́yìn, áyọ́ọ̀nù ni òun máa fi lọ̀ mí. Mo fi í síbẹ̀. Mi ò gbọ́n tó ìyá rẹ, ṣùgbọ́n mi ò dití. Mo ń gbọ́ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń dún bó bá ń dìde.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, bá mi ra tìmùtìmù kan sí i, ẹsẹ̀ òsì nìkan, torí òsì ni tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí o fi owó díẹ̀ tì í fún dígí tuntun, èyí tó wà lára ògiri ti ya aláìgbọràn. Má fi owó náà sí báńkì. Ìgbà tí mo lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ̀rọ wọn béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi, mo ní kí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà di etí, mo wá sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́. Fi rán awakọ̀.

Ìyá rẹ ti wá dúró sí mi lẹ́yìn pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù. Ó ní kí n kọ ọ́ pé méjì ni kí o rà, kí o sì béèrè fún 38. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti gba 42 ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìkejì ṣe. Ó wo bàtà mi, ó ní ti eku ni.

Ọlọ́run á mú ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì dọ́gba. Ọ̀tún rẹ ò ní máa jó kí òsì rẹ máa sunkún. Lọ́jọ́ tí eku bá sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, wàá rí ẹni tí o lè fi tìrẹ pamọ́ sínú bàtà rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
onígbàjámọ̀ ọ̀gá ilé ìwé.