Ṣòkòtò Muadh

Mushin,
Oṣù Kẹjọ, 1989.

Màmá mi,

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Àǹtí Sìmíátù tí a jọ ń gbélé ló kàn ń da ara wọn láàmú. Àwọn ni wọ́n fi tipátipá mú mi lọ sí ọsibítù kan ní Surulere. Mo sunkún dé ibẹ̀, mo ní mi ò ya wèrè.

Saikọ́lọ́jíìsì ni wọ́n ń pe obìnrin tí a bá níbẹ̀. Mo ti ká apá aṣọ mi sókè, ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ lòun fi ń tọ́jú wọn. Ó ní ẹni tí kò bá rí oorun sùn mọ́, tí ìbànújẹ́ ò jẹ́ kó ráyè ara rẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá bọ́ra síhòòhò kó tó wá.

Mo sọ fún un pé télọ̀ ni mí.

Ó ní, "Ta lo ń ránṣọ fún báyìí?"

Mo ní, "Ọkọ mi ni."

Ni Àǹtí bá bú sẹ́kún. "Munirah, Muadh tí a ti sin ṣáájú Iléyá?"

Obìnrin náà ò bá mi jiyàn. Ó ní kí n máa bọ̀ ní gbogbo Túsìdeè. Màá gbìyànjú.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Muadh náà ń kí yín. Ó wọ ṣòkòtò tí mo rán fún un wò láàárọ̀ yìí, ó bá a mu rẹ́gí. Ó ní kí n tètè rán tèmi náà, kó jẹ́ funfun.

Ọmọ yín,
Munirah