Ọfà Tí Kò Ṣeé Fà Yọ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ọfà mọ́kànlá ni mo yọ lára èèyàn lónìí. Mọ́kànlá. Ọrùn, itan, ìdí. Ẹnì kan tilẹ̀ wà tí tirẹ̀ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo ta á. Aṣọ irin tí wọ́n wọ̀ ò gbà wọ́n. Ẹ̀rọ atafà tuntun tí rédíò ń yìn látàárọ̀, èyí tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀, tó ń ta ọgọ́ta ọfà kí èèyàn tó ṣẹ́jú — kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú báfù tí mo ń kó aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ sí. Ṣíọ̀.

Yàrá àwọn ọ̀tá tí a mú lójú ogun ni wọ́n ní kí n ti máa ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù. Òórùn egbò tiwọn ò yàtọ̀ sí tiwa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo dá ọgbọ́n kan. Ìkọ́ tó wà lẹ́yìn orí ọfà ló ń pa wọ́n. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń wọlé. Bí o bá wá fà á padà, á há mọ́ ẹran, á sì ya gbogbo ẹ̀ wá. Mo gé rọ́bà tín-ín-rín tí a fi ń fa omi sí aláìsàn lára, mo tì í bọ ojú ọgbẹ́, mo fi bo ìkọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ. Mo fà á. Ó yọ. Dókítà Mi-ò-gbọ́ — èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, etí ẹ̀ ti di pátápátá — ní kí n tún un ṣe kí òun rí i. Mo tún un ṣe lára ẹlòmíràn. Ó ní ọwọ́ mi dára. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Oúnjẹ ọ̀sán nílé Màmá. Bọ̀dá mi wá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ orí ọfà ló wà, òun sì ni ọ̀gá àwọn tó ń ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ó ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ wọn dábàá pé bóyá a lè rí nǹkan tí a ó fi iná sí, kí iná náà fi irin sọ̀kò lọ sọ́nà jíjìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ikùn ń ro wọ́n. Jíjó ni iná ń jó nǹkan, ta ló rí i kó ju nǹkan rí? Màmá náà rẹ́rìn-ín.

Ló bá bi mí nípa iṣẹ́ mi. Èmi tí ẹnu mi ò lè dákẹ́, mo sọ ti rọ́bà fún un. Mo fi ṣíbí júwe ẹ̀. Ó bi mí bí rọ́bà náà ṣe fẹ̀ tó. Mo rò pé ó ń bá mi dunnú ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mẹ́fà lónìí. Gbogbo wọn yè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọfà tuntun dé. Ìkọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ewé, wọ́n sì gé e léyín bí ayùn. Bó ṣe ń wọlé, ó ń ká mọ́ra. Bí o bá fà á báyìí, á ṣí gbàgà nínú ẹran. Rọ́bà ò gba orí ẹ̀, fífàya ló ń fà á ya. Ọkùnrin mẹ́ta kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo fọ ọ̀kan lábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo rí àmì ilé iṣẹ́ bọ̀dá mi lára ẹ̀. Mo bì. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló fà á, ojú mi ti mọ́ ọn. Ṣíbí tí mo dì mú lọ́jọ́ Àìkú yẹn ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lọ bá a nílé ẹ̀. Mo ní Bọ̀dá, ṣé ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ nídìí oúnjẹ lẹ gbé lọ síbi iṣẹ́? Ojú ò tì í.

"Àwọn ọ̀tá ló ń kú, àbúrò mi," ló wí. "Àbí tiwọn lò ń ṣe?"

Ó bu omi mu. Ó ní àwọn ọ̀gá òkè ti fẹ́ràn ẹ̀, pé Ọfà Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, nítorí tèmi. Ọmọ ìyá mi. Ọmú kan náà la jọ mu. Ó kó mi nírìíra débi pé mi ò lè jókòó sórí àga ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Oúnjẹ ò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ohun tó bá kọ̀ tí kò fẹ́ padà, kó máa lọ síwájú. Ó yẹ kí n ti rò ó kàn. Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá, Eléèjí ni mo ń pè é, torí èjí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ọfà tuntun ló wà ní itan ẹ̀. Mo gé igi ọfà náà kúrú, mo la ẹ̀yìn itan, mo tì í títí ó fi yọ lódìkejì. Bó ṣe ń lọ ni ìkọ́ ń ká mọ́ra, bí bọ̀dá mi ṣe ṣe é gan-an. Ó ké títí ohùn ẹ̀ fi há. Ó yè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Bọ̀dá wá sí ọsibítù. Ó láyà o. Ó ní òun kàn ní kí òun yà kí mi ni. Kò pẹ́ tó fi bi mí bóyá ẹnikẹ́ni yè nínú àwọn tí ọfà tuntun bà.

"Ẹnikẹ́ni ò yè," ni mo wí.

Láti kékeré mi ò purọ́ fún un rí. Ẹ wá wo ẹ̀rín lẹ́nu èèyàn. Ó ní ọ̀rọ̀ mi yìí gan-an ni wọ́n ń dúró dè, wọn ó rọ ẹgbàáwàá irú ẹ̀. Ká ní mo sọ òótọ́, wọ́n á tún un ṣe títí kò fi ní ṣeé tì jáde mọ́. Mo purọ́, ẹgbàáwàá. Irú ìríra wo nìyí?

Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọn ó fi Eléèjí àti àwọn mẹ́sàn-án mìíràn gba àwọn tiwa padà. Màá kọ́ ọ bí a ṣe ń tì í, kó lè kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọn. Bí àṣírí bá tú, wọn ó fi okùn sí mi lọ́rùn. Kó jẹ́ okùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo kọ́ ọ. Orí ẹ̀ pé, ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́, ó gbà á. Ó tọrọ pẹ́ńsùlù àti bébà kó má baà gbàgbé, mo fún un. Ó ya orí ọfà náà pẹ̀lú ìkọ́ ẹ̀, pẹ̀lú eyín ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ó wá ní, tí èèyàn bá fi ìkọ́ tó ń ṣí sí iwájú náà ńkọ́, ṣé á ṣì ṣeé tì?

Mo bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe nílé.

"Orí ọfà ni mo ń rọ, Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ló wí. "Èyí dára ju tiwa lọ."

Mo já bébà náà gbà, mo fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kò bínú. Ó ní kò sí wàhálà, òun ti mọ̀ ọ́n sórí.