Idà Olójú Kan Tí Wọ́n Pè Lẹ́jọ́

Téléàsì, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ láti ilé. Mo gbà pé ara rẹ le ní Sírákúsì lọ́hùn-ún, àti pé òkun ò yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ara tèmi náà le, àmọ́ inú mi ò dùn, mi ò sì ní parọ́ fún ọ. Wá ibì kan jókòó sí kó o tó máa kà á lọ.

Mískónì àbúrò rẹ ti kú. Àìsàn kọ́, ogun kọ́. Ilé Ágínónì ẹlẹ́ṣin, olówó ẹ̀gbẹ́ kànga yẹn, ló ti lọ jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n rúbọ. Nígbà tí wáìnì wọra tán, Ágínónì gbé idà rẹ̀ jáde, idà olójú kan tó tẹ̀ síwájú, irú èyí táwọn alápatà fi ń gé itan màlúù, àmọ́ tirẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀, eyín erin ni wọ́n sì fi ṣe èèkù rẹ̀. Ó ń jù ú fìrìfìrì lójú àwọn àlejò, ó ní òun lè bẹ́ ọrùn ìkòkò kí omi inú rẹ̀ má mì. O mọ àbúrò rẹ, kì í lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ fi gé búrẹ́dì ná." Ni Ágínónì bá ṣá a lọ́rùn. Ẹrú tó gbé òkú rẹ̀ wá bá mi ló sọ ọ́ sí mi létí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti tà á sọ́nà jíjìn.

Àwọn àlejò yẹn ńkọ́? Gbogbo wọn ló búra pé kò sọ́wọ́ ènìyàn níbẹ̀. Wọ́n ní orí ìṣó lára ògiri ni idà ti já bọ́, ó sì bá ọmọ mi níbi tó jókòó sí. Wọ́n wẹ ọwọ́ kí wọ́n tó búra o! Mo rí wọn, ó sì rí mi lára títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Kléóbísì amọ̀kòkò tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní kí n má bínú jù. Kó máa kọ ọ́ lọ ni.

O mọ̀ pé obìnrin kì í fẹ̀sùn kan apànìyàn níbí. Bàbá rẹ ò sí mọ́, ìwọ náà ò sí nílé, Bátónì àbúrò bàbá rẹ ló kù tó lè ṣe ẹnu fún wa. Òun ló yẹ kó gbé ọ̀kọ̀ lọ sójú oórì, kó rì í mọ́lẹ̀, kó dárúkọ apànìyàn. Ó gbé ọ̀kọ̀ lọ lóòótọ́. Ó rì í mọ́lẹ̀, ó wúkọ́, ó ní, "Irin tó pa Mískónì ni mo fẹ̀sùn kàn." Irin! Ọmọkùnrin Ágínónì ló fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin Bátónì, ìwọ náà ti wá mọ ìdí ọ̀rọ̀.

Bí wọ́n ṣe gbé idà lọ sílé ẹjọ́ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa fún ohun tó bá já lu ènìyàn pa. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí òkúta. Akéde ń pariwo ẹ̀sùn sí i bíi pé etí rẹ̀ di. Àwọn àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun forí korí, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì ní kí wọ́n jù ú kọjá ààlà ilẹ̀ wa. Mò ń retí kẹ́nì kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Ágínónì wọ aṣọ dúdú, ó tẹ̀ lé e dé ààlà, ó ń sunkún. Omijé gidi, Téléàsì! Nígbà tó délé, ó fi itan àgbò ẹbọ ìwẹ̀nù ránṣẹ́ sí mi. Mo jù ú fún ajá.

Mo gbọ́ pé darandaran kan lódìkejì ààlà ti he idà náà, ó fi ń gé wàràkàṣì. Kó máa fi gé e. Irin ò ṣẹ̀ mí.

Ìgbà tó yá, Ágínónì tún fẹ́ rúbọ ọpẹ́. Mo wọ aṣọ ọ̀fọ̀ mi, mo lọ dúró lẹ́bàá pẹpẹ. Mẹ́lítà ọmọbìnrin rẹ̀ ló ru apẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi ọkà bálì bo ọ̀bẹ inú rẹ̀ kẹ́ran má bàa rí i. Akéde ní kẹ́ni tọ́wọ́ rẹ̀ ò mọ́ kúrò níbẹ̀. Ágínónì ò mira. Ọmọ yẹn wò mí, ó wo bàbá rẹ̀, ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, mi ò lè gbé e fún yín. Ọwọ́ yín ni mo rí lára idà lọ́jọ́ náà. Kò tiẹ̀ sí ìṣó kankan lára ògiri yẹn."

Ágínónì ní kó wọlé. Kò wọlé. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbò sì dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bátónì tẹjú mọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bi í pé, "Bátónì, ṣé apẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n tún pè lẹ́jọ́ báyìí?"

Àwọn àgbà ní ẹjọ́ idà ti parí, àmọ́ bí ọmọ ìyá òkú bá wá fúnra rẹ̀, ó lè tún ọ̀kọ̀ rì kó dárúkọ ènìyàn. Mẹ́lítà sì ti ní òun á búra níwájú pẹpẹ. Àmọ́ bàbá rẹ̀ ti ń wá ọkọ fún un kíákíá ní òkè òkun. Bí ọkọ̀ bá gbé ọmọ yẹn lọ kó o tó dé, ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ tán nìyẹn. Nítorí náà, bọ̀ wálé, má dúró gba owó iṣẹ́ tó kù.

Kí òkun rọ̀ fún ọ. Kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ ọ bọ̀ sọ́dọ̀ mi. Kí n má ṣe sin ọmọ méjì.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń wo ọ̀nà,
Nánìsì

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù: Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ gbé idà dání bọ̀. Má gbé e o. Bó o bá pa ọkùnrin yẹn, ìwọ ni wọ́n máa dá lẹ́bi, wọn ò ní í pe idà tìrẹ lẹ́jọ́.