Wọ́n Fi Bésìnì Bo Ẹ̀rọ Mi Nítorí Òjò

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Osi níbí. Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ kú àmójútó Màmá. Lará, àbúrò mi, kú iṣẹ́ ẹja yíyan. Èéfín kò ní bà ọ́ lójú jẹ́. Mo fi lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ẹbí lè jọ kà á, torí ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níbi ìrántí Dádì. Wọ́n ní mo ti di ará òkè, pé mo ti gbàgbé Ẹ̀pẹ́. Ó dùn mí wọra. Òótọ́ ni pé mi ò wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dá mi dúró, bó tilẹ̀ máa dà bí àwàdà létí yín: bésìnì ni.

Ẹ̀rọ kan ni ọ̀gá wa ní yunifásítì ní kí n wá máa ṣọ́ lórí àpáta lẹ́yìn ìlú yìí. Òpó kọnkéré kúkúrú kan ni wọ́n gbé e lé. Orí rẹ̀ rí roboto bí ìdérí ìkòkò, sólà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ló ń gba ìró láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó ń kọjá lókè, òun la sì fi ń mọ ibi tí àpáta náà wà gan-an. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ ń rìn, Màmá. Gbogbo ilẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí ló ń sún lọ, díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù. Ojú ò lè rí i. Ẹ̀rọ tó bá dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún láì dákẹ́ ló lè rí i. Bó bá ń dákẹ́ ṣáá, a ò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló sún ni àbí ẹ̀rọ ló ń tàn wá.

Tèmi sì ń dákẹ́. Òjò á rọ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́. Bí mo bá gun àpáta lọ lọ́jọ́ kejì, mi ò ní rí ohun tó ṣe é. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo fọ bátìrì. Mo jókòó tì í nínú oòrùn títí orí fi fọ́ mi. Òjò mìíràn á tún rọ̀, á tún dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìrántí Dádì kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá wa pè mí. Ó ní bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á rán ọkọ̀ wá tú u lọ sí ìlú mìíràn, kí n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé-ẹ̀rí mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Òjò ṣú lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọkọ̀. Mo gbé báàgì mi padà sínú yàrá.

Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún níbí? Bí wọ́n bá ń yára sọ èdè wọn, ó máa ń fò mí ru. Ilé gan-an, ulé ni wọ́n ń pè é. Ọlọ́kadà kan tó ń ná Iloffa bi mí bóyá ẹ̀rọ mi lè gbé bọ́ọ̀lù wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá wúlò fún? Bàbá ìjọ kan ní Ọlọ́run ti fìdí ayé múlẹ̀ ṣinṣin, ta ni èmi ọmọ àná tí mo ń sọ pé ó ń rìn? Mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà lọ sí orí àpáta, kí n má baà pàdé ẹnikẹ́ni.

Orí àpáta yẹn kan náà ni àwọn obìnrin ti ń sá láfún. Àṣà kan wà láàárín wọn: bí òjò bá dé, ẹni tó bá wà nítòsí ló máa bo ti gbogbo ayé, ì báà jẹ́ ti ọ̀tá rẹ̀. Ẹnì kan kì í jẹ́ kí òjò pa ohun ẹlòmíràn. Ọ̀sán tí òjò ṣú yẹn, mo sáré gun òkè, mo bá Ìyá Bọ́sẹ̀, àgbà wọn, tó gbé bésìnì irin ńlá sókè, ó fẹ́ fi dé ẹ̀rọ mi lórí! Irin sì rèé, kò sí ìró sátẹ́láìtì tó lè gba inú rẹ̀ kọjá. Òun ló ti ń dé e láti ọjọ́ yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á gbé bésìnì rẹ̀ lọ kó ẹ̀gẹ́.

Màmá, mo kígbe. Mo jágbe mọ́ ìyá àgbà.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní ẹ wo ọmọ tí kì í kí ènìyàn, ariwo ló kọ́kọ́ kó jáde lẹ́nu. Òmíràn ní wọ́n ti ń bá a bo ẹrù rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé, kò dúpẹ́ rí. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí àpáta tútù. Mo ṣàlàyé, mo ń kólòlò. Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé bésìnì sílẹ̀, ó ní, ọmọ Ẹ̀pẹ́, o wá fi ẹ̀rọ wo ilẹ̀, o ò wo àwa tó wà lórí ẹ̀.

Inú bí mi, torí òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí òjò tún máa rọ̀, Ararọ̀mí-Ọ̀pin ni mo wà, òjò sé mi mọ́ ibùdókọ̀. Mo ń rí ọkọ̀ ọ̀gá wa lọ́kàn mi, tó ń gbé ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí mo padà, wọ́n ní obìnrin kan láti Eruku, tó wá kí ọmọ rẹ̀, fẹ́ fi tapólì bo ẹ̀rọ náà. Ìyá Bọ́sẹ̀ fi láfún tirẹ̀ sílẹ̀ nínú òjò, ó dúró níwájú òpó, ó ń pariwo pé ti ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, òjò ni oúnjẹ ẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Láfún rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò dákẹ́. Ọ̀gá wa ní ẹ̀rọ náà kò níbi tó ń lọ mọ́.

Síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi. Ìrántí Dádì ti kọjá, kò sẹ́ni tó lè bá mi dá a padà. Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló ní kí n lọ kí ìyá mi, òun á máa bá mi wo ẹ̀rọ lókè. Lará, bá mi yan ẹja tó dára sílẹ̀ fún un.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ní mo ti jìnnà pé ẹ̀rọ kan bíi tèmi wà lápá Èkó, nítòsí yín. Ibi tí tiwọn ń sún lọ ni tèmi náà ń sún lọ. Ilẹ̀ Osi àti ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ jọ ń rìn ni, Màmá. Èkíní kò fi èkejì sílẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà, àti àwọn tó bú mi pàápàá.

Èmi ni ọmọ yín,
Káyọ̀dé