Ròkíátù, Iná Ẹ̀yìn Mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ Kú Lójú Ọ̀nà

Ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, Ròkíátù, ìyàwó mi. Ọdún mẹ́ta! Ṣọ́ọ̀bù rìwáyà rẹ ní Ìfọ̀, níbi tí o ti ń tún iná mọ́tò ṣe, ṣì ń ṣí láràárọ̀. Sàlísù àbúrò rẹ ló ń mójú tó o, orúkọ rẹ ló sì wà lára pátákó rẹ̀ di òní. Toyyibah ọmọ wa ti jáde ní pólì, ó sì ń wá ràn án lọ́wọ́. Ìròyìn ayọ̀ ló wù mí kí n mú wá bá ọ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ojú ló ń tì mí.

O mọ Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, oníbàárà rẹ àtijọ́ tó ń gbé ní OPIC. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ó gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Iná iwájú ń tàn, ti ẹ̀yìn ń tàn, ṣùgbọ́n dáṣíbọ́ọ̀dù ṣókùnkùn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kì í rí iye eré tó ń sá.

Toyyibah ló yẹ̀ ẹ́ wò, bí o ṣe kọ́ ọ gan-an. Ó ṣàlàyé fún Sàlísù pé nínú mọ́tò yẹn, fíùsì kan náà ló ń bọ́ iná ẹ̀yìn àti ti dáṣíbọ́ọ̀dù. Ti dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń gba inú dímà kọjá, ìyẹn bọ́tìnnì kékeré tí awakọ̀ ń yí láti dín ìmọ́lẹ̀ kù tàbí láti fi kún un, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn mítà àti rédíò. Ó fi tẹ́sítà kan wáyà méjèèjì tó wà lára dímà. Iná ń wọ inú dímà, kò sì jáde. Dímà ti jó.

Toyyibah ní dímà kì í ṣàdédé jó, ohun tó jó o ni kí àwọn kọ́kọ́ wá. Ó bẹ Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ kó fi mọ́tò sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó sì lọ sílé.

Sàlísù kò fẹ́ kí oníbàárà fẹsẹ̀ rìn lọ. Bí Toyyibah ṣe lọ tán, ó gé wáyà tó wọ dímà àti èyí tó jáde, ó so wọ́n pọ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù tàn yòò. Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ dúpẹ́, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Àṣé wáyà kan ti bó lẹ́yìn rédíò, òun ló jó dímà; ìsopọ̀ Sàlísù ló tún gbé iná dé ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ ṣe ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Mòwé, mọ́tò já sí kòtò nítòsí Ìbàfò, wáyà tó bó yẹn kan irin, fíùsì sì jó. Dáṣíbọ́ọ̀dù kú. Ó rò pé àrùn àná ló padà dé, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé iná ẹ̀yìn ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí i. Ó kọlù ú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹ̀mí kò lọ, àmọ́ apá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́.

Ròkíátù, orúkọ rẹ ni wọ́n ń pè káàkiri Ìfọ̀. Wọn kò sọ pé Sàlísù ni. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Toyyibah ni. Mo dẹ́kun gbígba ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ sí mọ́ṣáláṣí. Toyyibah sunkún títí, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò bú àbúrò rẹ. Ó kàn ń sunkún.

Mo tẹ̀ lé Sàlísù lọ sí ọsibítù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, Ìbíwùnmí, kò pariwo. Ó kàn bi wá léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé:

“Ṣé Ìyá Toyyibah á ṣe irú èyí?”

Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀yìn mọ́tò náà kàn tán, Toyyibah tú rédíò, ó rí wáyà tó bó, ó wé e dáadáa, ó fi dímà tuntun sí i. Ó ní kí Sàlísù fọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Iná dínkù, iná tún mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, bí iṣẹ́ kò bá yé Sàlísù, ó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ.

Lónìí, a ṣe àdúrà ìrántí rẹ. Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ wọlé, ó ṣì so apá rẹ̀ kọ́rùn. Ó jókòó tì mí lórí ẹní. Mo ní kó má bínú, pé kò yẹ kó fi apá báyìí rìn wá sọ́dọ̀ wa.

Ó ní, “Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí, Àbúbákr. Ìyá Toyyibah ni mo wá ṣàdúrà fún. Kò fi mí sílẹ̀ sójú ọ̀nà rí.”

N kò lè gbójú sókè títí àdúrà fi parí.

Sùn re, Ròkíátù. Àárò rẹ ń sọ wá nínú ilé, ó ń sọ wá ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ ń tì wá, a sì fẹ́ràn rẹ, títí di ìsinsìnyí.