Ọjọ́ tí Ìyá Rẹ Sọnù nínú Ọgbà Ìgbafẹ́ n'Ìbàdàn

Ilé Ọ̀dọ̀fin,
Isundunrin,
Lọ́nà Èjìgbò.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 1988.

Fàsílátù Àjíkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni lẹ́tà yìí tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo kí ọ kú àárọ̀, bó bá jẹ́ ọ̀sán, kú ọ̀sán, bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ dí tí o fi í sórí tábìlì tí o kò tíì ṣí i, kú iṣẹ́. Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Èkó ò mú yín gbóná jù? Ẹ kò ní í rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, Ọlọ́run ò ní í fi ẹkún pààrọ̀ ẹ̀rín yín, àmín.

Àwa náà wà ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan tó ti Èjìgbò dé Èkó kó lọ sọ ọ́ fún ọ ní ìsọkúsọ, mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi pé ìyá rẹ sọnù. Má kígbe. A ti rí i. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ pé a ti rí i kí n tó kọ pé ó sọnù, kí àyà rẹ má baà já, ṣùgbọ́n mo rò ó títí pé ènìyàn kì í rí ohun tí kò sọnù, ni mo bá kúkú tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà ìtúnu ààwẹ̀ ni ìyá rẹ kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹjọ́ mi ni. Àbúrò mi Yẹ̀kínì tó ti Àbíjàn dé ní òun ń wá ilẹ̀ tí òun máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí, èmi náà sì nawọ́, mo fi oko ẹ̀bá ọ̀nà lé e lọ́wọ́, oko tí ìyá rẹ ti ń gbin ilá àti ata sí kí wọ́n tó bí ọ. N kò bi ìyá rẹ. Mo ní ilẹ̀ bàbá mi ni. Ilẹ̀ bàbá mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá mi kò ro ó rí, ìyá rẹ ló ń ro ó. Kò bú mi, kò sunkún. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sórí àjà, ó sì dákẹ́. Oúnjẹ mi ò yẹ̀ ní ìjọ́ kan, àmọ́ bí mo bá bi í ní ọ̀rọ̀, ewúrẹ́ ni yóò kọjú sí, yóò máa sọ fún un pé ọbẹ̀ wà lórí ààrò, pé omi ìwẹ̀ ti gbóná. Ewúrẹ́ náà wá ń wò mí bí ẹni pé òun ló ni ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni o ránṣẹ́ sí mi pé kí n bẹ̀ ẹ́, tí mo ní àgbà kì í bẹ̀bẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Àgbà ń bẹ̀bẹ̀, ojú ló ń tì í.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ tó ń kọ́ àwa àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ló sọ fún wa ní kíláàsì pé nítorí pé a ṣe dáadáa nínú ìdánwò, wọn yóò kó wa lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, kí a lọ gbafẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àti pé olúkúlùkù lè mú ẹnìkan dání. N kò lẹ́nu tí mo lè fi pe ìyá rẹ. Joanna, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ sí odò, òun náà wà ní kíláàsì wa, òun ló mú un. Èmi mú àdá mi. Wọ́n ní ọgbà ni a ń lọ, ènìyàn kì í sì í lọ sí ọgbà ẹlòmíràn lọ́wọ́ òfo. Tíṣà rí i, ó ní kí n tì í sábẹ́ àga dírẹ́bà, pé kò sí ẹni tó máa ṣiṣẹ́. Iwájú ọkọ̀ ni mo jókòó sí, ìyá rẹ àti Joanna wà lẹ́yìn pátápátá, láti Isundunrin títí dé Ìbàdàn ìpàkọ́ mi nìkan ni ìyá rẹ rí.

Àjíkẹ́, ọgbà náà tóbi. Bí wọ́n bá gbé Isundunrin sínú rẹ̀, ó ṣì máa ku àyè tí Masifa, ìlú ìyá rẹ, yóò jókòó sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ TẸ KORÍKO. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, mo rò pé ìwé mi ò tíì yanjú ni. Koríko tí àwa ń bá jà láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, òun ni wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n ń bomi rin ín kó lè hù, bó bá sì hù tán, wọ́n á tún gé e. Mo bi wọ́n pé kí ló ń jẹ ẹ́, wọ́n ní kò sí. Ẹrú kì í bá olówó rẹ̀ jiyàn lórí bó ṣe ń na owó rẹ̀.

Mo rìn síwájú díẹ̀, mo rí i tí páìpù wọn ti bẹ́ láàárín ọgbà gan-an, tí omi ń tú sókè tó ọ̀pẹ kékeré, àwọn ènìyàn sì dúró yí i ká, wọ́n ń ya fọ́tò, kò sí ẹni tó bìkítà. Mo sáré lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kákí, mo ní kí ó tètè pe àwọn oníṣẹ́ omi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, pé kó máa tú sókè bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé ọdún wo ló ti ń tú, ó ní ó ti tó ọdún mẹ́jọ. Ọdún mẹ́jọ! Mo fi í sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè sọ òótọ́ níbi iṣẹ́, kí wọ́n má baà lé e.

Nígbà tí a kí ìrun ọ̀sán tán, tíṣà kó wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò kan kí a jẹun. Mo rí Joanna, n kò rí ìyá rẹ. Mo bi í pé ìyá Fàsílà dà? Joanna wojú mi, ó ní ṣebí òun rò pé ọ̀dọ̀ mi ló wà, nítorí láti àárọ̀ ló ti ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, tó sì kọrí sí ọ̀nà tí àwa ọkùnrin gbà. Èmi sì rò pé ọ̀dọ̀ Joanna ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ ṣe bọ́ sáàárín àwa méjèèjì.

A wá a. A wá a dé ibi tí àwọn ọ̀bọ wà, a wá a dé ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀já gbọọrọ ju ọmọ sókè tí ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá a dé etí adágún omi kan tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣeré lórí rẹ̀. Mo dúró, mo wo omi yẹn. N kò ní kọ ohun tí mo rò síbí, nítorí Ọlọ́run kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ kò mọ̀wé, kò mọ ẹnìkan n'Ìbàdàn, kò sì sí owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn, ewúrẹ́ ló sọ ọ́ fún.

Tíṣà fà mí lọ sí ọ́fíìsì wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Olúrántí, ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wá ènìyàn ti tán, pé kí n fi èyí tí wọ́n fi ń wá ẹrù tó sọnù rọ́pò rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, tíṣà ń túmọ̀, èmi ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí ni ohun tó sọnù, mo kọ pé ìyàwó. Wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀, mo kọ pé dúdú, tó ń dán. Wọ́n ní níbo ni mo ti rà á, mo kọ pé n kò rà á, Masifa ni mo ti fẹ́ ẹ, àwọn òbí rẹ̀ kò sì ta ọmọ rí. Wọ́n ní ṣé tuntun ni àbí ó ti gbó, mo kọ pé ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe é àyàfi eyín kan lókè. Ó wá ku ibi tí wọ́n ti bèèrè pé èló ni ó tó.

Ibẹ̀ ni bírò ti dúró lọ́wọ́ mi. Mo rántí ọdún tí egbò dá mi dùbúlẹ̀, tó jẹ́ òun nìkan ló ro oko tèmi tó tún ro tirẹ̀, tí kò sì fi bú mi rí. Mo kọ ọ́ báyìí pé: N kò mọ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni a ti jọ wà, n kò ronú kàn án rí. Omi bọ́ lójú mi sórí fọ́ọ̀mù. Olúrántí mú bébà funfun kan fún mi, ó fẹ́lẹ́ bí ewé àlùbọ́sà, mo rò pé fọ́ọ̀mù mìíràn ni, mo bi í pé kí ni kí n kọ sí èyí. Ó ní kí n fi nujú ni.

Ó tẹ fóònù sí ẹnu ọ̀nà kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bi fóònù wò bóyá ó rí i kọjá, níwọ̀n ìgbà tí wáyà rẹ̀ ti gba inú ọgbà náà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ kan, ohùn rẹ̀ sì ń jáde lórí gbogbo igi pé Rùkáyátù Àlíù láti Isundunrin, kí ó máa bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ ń wá a. Mo jáde síta, mo gbójú sókè, mo dá igi lóhùn pé kò sí níbí, pé ohun tí a ń sọ náà nìyẹn.

Ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin kí òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Abíọ́nà tó wọlé wá gba owó ọ̀sẹ̀, tó gbọ́ ohun tí a ń sọ. Ó ní ṣé ìyá náà wọ ìró aláwọ̀ ewé? Ó ní bó bá jẹ́ òun ni, kò sọnù o, iṣẹ́ ló ń ṣe. N kò dúró gbọ́ ìyókù. Bó ṣe ń lọ ni mò ń tẹ̀ lé e, àfìgbà tí a dé ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ òdòdó kí wọ́n tó lọ́ wọn.

Mo rí ìyá rẹ lórí eékún rẹ̀. Ó ti di ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ọkọ́ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ bíi mẹ́fà yí i ká, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yọ èpò láìfọwọ́ kan gbòǹgbò. Wọ́n ní láti àárọ̀ ló ti yà síbẹ̀, tó rí i bí èpò ṣe fún àwọn ọmọ òdòdó lọ́rùn, tó ní kí wọ́n yá òun ní ọkọ́. Ebè mọ́kànlá ló ti ro. Wọ́n fún un ní ẹ̀bà jẹ, ó jẹ, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó sì ń sọ̀rọ̀, Àjíkẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́rin ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi páìpù wọn yẹn. Ìgbà tí mo rí i pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ ni mo tó mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀, àṣé koríko wọn ni mo jókòó lé, ọ̀gbẹ́ni oníkákí kan sì sáré dé pé kí n dìde. Ìyá rẹ ló yíjú sí i, ó ní kí ó fi ọkọ òun sílẹ̀, ṣé kò rí i pé ó ti rẹ àgbàlagbà ni. Ọkọ òun! Mo bi í pé ṣé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí igi ni. Ó ní òun gbọ́ Rùkáyátù kan, òun rò pé rédíò ń kí ẹlòmíràn ni, pé láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, ta ló pe òun ní Rùkáyátù rí? Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, lójú àwọn obìnrin yẹn. Mo ní oko rẹ, oko rẹ ni, n kò tún ní í fi fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó ní bàbá Fàsílà, ẹ ò tíì jẹun, ojú yín ti wọnú, ẹ dìde ká lọ wá nǹkan jẹ. Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, Joanna fún mi ní àyè lẹ́yìn ọkọ̀, òun lọ jókòó síwájú.

Mo ti sọ fún Yẹ̀kínì. Mo rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó ní pa dè pùròblẹ́mù, èdè àwọn ará Àbíjàn ni, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí wàhálà. Ó ti kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé tirẹ̀. Ìyá rẹ sì ti gbin ilá ọ̀wààrà, ó hù dáadáa. Ara mi fúyẹ́, ọmọ mi, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Má bínú, kì í ṣe púpọ̀. Bí Ọlọ́run bá pèsè, bá mi fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà rọ́bà fún ìyá rẹ, nítorí ejò tó wà lọ́nà oko náà. Tíṣà sì ní wọn yóò tún kó wa lọ sí ibòmíràn lẹ́yìn ọdún, bá mi wá ti àga ọkọ̀ méjì kún un, kí wọ́n jẹ́ àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí fún wa. Ohun tó jẹ́ tìrẹ kò ní í sọnù, bó bá sì ṣèèṣì rìn jìnnà, ìwọ ni wàá rí i padà kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ìwọ àti ọkọ rẹ ò ní í dákẹ́ síra yín. Àwọn ọmọ rẹ yóò gbó, wọn yóò tọ́, àmín àṣẹ.

Mo fẹ́ dúró níbí. Òjò ti ṣú, ìyá rẹ sì sá àgbàdo síta, ó ń pariwo pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé kí n wá bá òun kó o. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta kí n tó dáhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlíù.