Fíríìjì Tó Mú Pálọ̀ Wa Gbóná

Ẹ̀gbọ́n mi Ntim,

Mo kí yín níbẹ̀ ní Toronto, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ara Maame ti yá, eékún ò dùn ún mọ́. Ooru ni kò jẹ́ ká gbádùn ní Kumasi.

Ẹ̀yin àti Papa ní kí n fi kẹ́mísírì sílẹ̀, kí n lọ síṣẹ́ báńkì, torí mo fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ nípa ooru àti agbára. Mo ti tún ìdánwò náà ṣe, mo sì yege, ṣùgbọ́n Papa ní kò wúlò fún nǹkan kan.

Ní Sátidé, Papa ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pálọ̀, ó ṣí fíríìjì sílẹ̀ gbayawu, ó ní ká wá gba atẹ́gùn.

Mo ní, "Papa, ooru tí fíríìjì bá gbà nínú, ẹ̀yìn ló ń tú u sí, tiná mànàmáná á tún kún un. Pálọ̀ á gbóná sí i ni."

"Ṣé orí ẹ pé? Tó bá gbóná, máa ṣe kẹ́mísírì ẹ lọ. Tó bá tutù, báńkì yá!"

A jókòó. Kò pẹ́, òógùn bo Papa bí ẹni tó ń gún fùfú.

Maame pariwo, "Ẹ̀yin méjèèjì, ọbẹ̀ ẹyìn mi ti ń kan o!"

Papa ṣí fèrèsé, ó ní, "Ó dáa, o borí."

Ó ku ẹ̀yin nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín ní báńkì kó má dúró dè mí. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Papa kí yín, ó wà lójúde, ó ń bú aládùúgbò tó ṣí fíríìjì sílẹ̀: "Ṣé o ò kàwé ni?"

Àbúrò yín,
Boahemaa